Ọwọ́ Ta Lẹ Fi Wọ̀n Ọ́n?

Abíyá ni Noreen gbé ẹ̀rọ géèmù kékeré ẹ̀ há wọlé lọ́jọ́ náà, bí ẹni tó lọ ra adìẹ. Ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ igi táwọn bàbá ìlú Burnie ti máa ń pàdé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló wọ̀. Wọ́n ń mu tíì, wọ́n ń parọ́ ẹja ńlá tó já mọ́ wọn lọ́wọ́. Clarrie nìkan ló gbórí sókè.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Ọdún kẹrin rèé tíyàwó ẹ̀ ti kú. Kẹ́tùlù ló kù tó ń bá sọ̀rọ̀ nílé. Bó bá súfèé, Clarrie á ní, "Mo ti gbọ́, mò ń bọ̀."

"Àìsàn ló gba agbára ọwọ́ mi," Noreen wí. "Ẹ̀rọ yìí ń bọ́ lọ́wọ́ mi ṣáá. Wọ́n ní ẹ lè tún un ṣe."

"Ọkọ̀ ojú omi ni mò ń kàn tẹ́lẹ̀, màdáámù. Kò tíì sí èyí tó rì."

"Ẹ ò tíì rí tèmi nìyẹn."

Clarrie ra ike tó máa ń rọ̀ nínú omi gbígbóná, ó fi mọ ìdìmú sí i. Lọ́sẹ̀ kejì, Noreen gbé ẹ̀rọ, ẹ̀rọ bọ́, ó balẹ̀ sínú àwo bísíkíìtì.

"Ọwọ́ ta lẹ fi wọ̀n ọ́n?"

Clarrie wo ọwọ́ ara ẹ̀ tó fẹ̀ bí àjẹ̀ ọkọ̀. "Tèmi." Ló bá tún fẹnu kọ. "Ẹ má ṣèyọnu. Màá máa bá yín dì í mú."

Ojú Noreen yí pa dà. "Àbúrò mi ló ń bá mi de bọ́tìnì. Nọ́ọ̀sì ló ń yarun mi. Géèmù yìí nìkan ló kù tí mò ń dá ṣe. Ẹ tún fẹ́ bá mi ṣe é."

Ó gbé e há abíyá, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò wá.

"Clarrie," ọ̀kan nínú àwọn bàbá wí, "bó o bá wo ilẹ̀kùn yẹn títí, kò ní bímọ."

Ni Clarrie bá gbé ike lọ sílé Noreen nínú òjò. "Àṣìsọ ni mo sọ. Ọwọ́ yín ni mo wá wọ̀n."

Noreen ronú díẹ̀, ó na ọwọ́. Clarrie fi ike lílọ́wọ́ọ́wọ́ yí ìka Noreen po mọ́ ẹ̀rọ, ó dì í mú títí ó fi le. Ó le tán, ó tún dì í mú díẹ̀ sí i.

Lẹ́yìn náà ló jọ̀wọ́ ẹ̀. Ẹ̀rọ ò bọ́. Noreen dá géèmù ta, ó fo odò, ó fo òkè, ó ń rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. Clarrie ń kó irinṣẹ́ ẹ̀. Iṣẹ́ ti dára jù, kò sóhun tó máa tún torí ẹ̀ wá mọ́.

"Ibo lò ń lọ?"

"Lò ń lọ" ló wí o, kì í ṣe "lẹ̀ ń lọ." Clarrie gbọ́ ọ dáadáa.

"O ò nílò mi mọ́."

"Rárá, mi ò nílò ẹ." Noreen ò gbójú kúrò lára géèmù. "Mo kàn fẹ́ kó o jókòó ni."

"Di ìgbà wo?"

"Kọ́kọ́ bọ́ bàtà ẹ ná."

Ó bọ́ ọ, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Noreen lẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ náà ló sì wà dòní.