Òrí Tí Rosalie Fi Pa Irun Ẹṣin

Mùsé Désiré, olùkọ́ kíláàsì Rosalie, gbé fíólọ́ọ̀nù lé èjìká, ó fa ọ̀pá onírun lórí okùn rẹ̀. Kò dún. Ó tún fà á. Ọ̀pá náà ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀ lọ́wọ́ ọmọdé.

A kúkú mọ ohun tí ọyẹ́ ń ṣe ní Kétu. Bó bá ti dé, ètè a là, gìgísẹ̀ a là, àwọn ìyá a sì gbé igbá òrí sílẹ̀. Ọdún kejì tí Dàhòmẹ̀ gba òmìnira ni, ọyẹ́ ọdún náà sì mú. Rosalie, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti àdúgbò Odomèta, ló ń bá Mùsé nu fíólọ́ọ̀nù. Nígbà tó rí i pé irun ọ̀pá náà gbẹ, tó funfun bí ẹsẹ̀ tí kò rí ìpara, àánú ṣe é. Ó ti fi òrí pa á dáadáa kí Mùsé tó gbé e.

Ìfẹ́ tó ní sí fíólọ́ọ̀nù náà ló fà á. Igi fẹ́ẹ́rẹ́ tí inú rẹ̀ ṣófo, ìbàdí rẹ̀ bí ti omidan, okùn mẹ́rin, ihò méjì láyà. Bó bá dún, ẹkún àti ẹ̀rín a jọ jáde. Rosalie ni wọ́n yàn láti ta orin lórí rẹ̀ lọ́jọ́ Kérésìmesì, lójú ìyá rẹ̀ àti gbogbo ìlú.

"Ta ló fọwọ́ kàn án?" Mùsé bèèrè.

Firmin, tó jókòó ti Rosalie, sọ ọ́ sí i létí pé: "Panu mọ́. Lábọ̀dé ló gbálẹ̀ láàárọ̀, òun ni wọ́n máa mú. Àbí o ò fẹ́ ta á mọ́?"

Lóòótọ́, Lábọ̀dé ni Mùsé ń wò. "Lábọ̀dé, kó ìwé rẹ, máa lọ sílé."

Omi lé sí Lábọ̀dé lójú. Rosalie dìde.

"Mùsé, ẹ má bínú, èmi ni. Mo rò pé ọyẹ́ ló mú un, mo bá fi òrí pa á."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mùsé kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Lábọ̀dé jókòó. "Oje igi gbígbẹ ni ohun funfun tí o rí lára irun yẹn. Òun ló ń jẹ́ kí irun di okùn mú. Òrí ti bà á jẹ́. Ibo ni n ó ti rí irun ẹṣin mìíràn kí ọdún tó dé?"

"Bàbá Ràṣídì tó ń fi gòjé kọrin ní àdúgbò wa ní irun ẹṣin," Rosalie dáhùn.

Ọgbọ́n kò pin sọ́dọ̀ ẹnì kan. Mùsé àti Rosalie gbé e lọ sílé bàbá náà. Bàbá Ràṣídì yí fíólọ́ọ̀nù náà wò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àbúrò gòjé nìyí. Tèmi, okùn kan, awọ ló bò ó. Tiyín, okùn mẹ́rin, igi ló bò ó. Ṣùgbọ́n ìrù ẹṣin ni àwọn méjèèjì ti ń gba ohùn."

"Ìwé mi sọ bẹ́ẹ̀ náà, Bàbá," ni Mùsé wí. "Ọ̀dọ̀ àwọn agẹṣin ni ọ̀pá onírun ti kọ́kọ́ wá. Ní bí irínwó ọdún sẹ́yìn ni àwọn agbẹ́gi Ítálì sọ fíólọ́ọ̀nù di báyìí."

Bàbá di irun tuntun mọ́ ọ̀pá, ó fi oje igi ra á. Mùsé fà á lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó ń kọjá lọ sóko dúró.

Lójú ọ̀nà, Mùsé ní: "Rosalie, èmi ni n ó ta á lọ́jọ́ ọdún. O ò béèrè kí o tó ṣe é, ó yẹ kó dùn ọ́. Ṣùgbọ́n láti ọ̀la lọ, ìwọ ni yóò máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àpótí rẹ̀."

Lọ́jọ́ Kérésìmesì, Rosalie jókòó láàárín èrò, ó ń fi ìka ta orin náà lórí orúnkún rẹ̀. Ó dùn ún, àmọ́ kò kábàámọ̀ pé òun jẹ́wọ́. Ẹ̀yin ọmọ, abèèrè kì í ṣìnà. Ẹni tó bá sì ti ṣìnà, kó má ṣe jẹ́ kí ẹlòmíràn jìyà rẹ̀. Orin ọjọ́ kan bọ́ lọ́wọ́ Rosalie. Ìgbẹ́kẹ̀lé kò bọ́.