Sólà Kò Lé Òjò

“Wọ́n ní kò sí abẹ́rẹ́ o!” ni Jannat wí bó ṣe ń wọlé. Ó sọ Muaz, ọmọ rẹ̀ tí kò ju oṣù mẹ́sàn-án lọ, kalẹ̀ lẹ́yìn. “Nọ́ọ̀sì Ọláìyá ní gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára inú fìríìjì ló ti bàjẹ́.”

Ọ̀rọ̀ náà gún Fulera, àbúrò rẹ̀, láyà. Ó mọ ohun tó fà á. Ohùn kan tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri lórí Wasáàpù ló ní sólà ló ń lé òjò tí kò rọ̀ láti ọjọ́ yìí. Ni àwọn géńdé kan bá gorí òrùlé ilé ìwòsàn Èsìẹ́, wọ́n tú gbogbo páńẹ́lì sólà tó ń fún ibẹ̀ níná palẹ̀. Fìríìjì kú, nígbà tí èéyi ń jà láàárín àwọn ọmọdé ìlú!

“Mo máa sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ìlú lónìí,” ni Fulera wí.

Bilqis, ọ̀rẹ́ rẹ̀ níléèwé tó wá kí i, kọ háà. “Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa pè ẹ́ ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni? Panu mọ́, jàre.”

Kò panu mọ́. Ní pápá iléèwé tí ìlú péjọ sí, bí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe kan ọwọ́ rẹ̀ báyìí, ìbínú gba ọ̀rọ̀ sọ. “Òpè ló ń gba irú irọ́ yẹn gbọ́! Ẹ̀yin lẹ ba abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ wa jẹ́!”

Pápá dàrú. Bàbá Salaudeen, àgbẹ̀ oníṣu tó rán àwọn géńdé náà níṣẹ́, fò dìde. “Èmi ni òpè? Èmi tí iṣu mi gbẹ sínú ebè? Ta ló bí ọmọ yìí?”

Wọ́n já ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ Fulera. Àwọn kan ti ń lọ sílé.

Nọ́ọ̀sì Ọláìyá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Inú ń bí èmi náà. Àmọ́ ẹni tó o bá bú, etí rẹ̀ ti di nìyẹn. Bi bàbá yẹn léèrè ibi tó ti gbọ́ ọ.”

Fulera gbé ìbínú mì, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá náà.

“Ẹ má bínú, Bàbá, mo ṣìwí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún yín pé sólà ń lé òjò?”

“Orí fóònù ni mo ti gbọ́ ọ.”

“Kí lorúkọ ẹni tó sọ ọ́? Báwo ló ṣe mọ̀?”

Bàbá yọ fóònù rẹ̀, ó wá orúkọ náà títí, kò rí i.

“Ìjàrà-Ìsin tó múlé tì wá ńkọ́? Ṣé òjò ń rọ̀ níbẹ̀?”

Àmọ̀pé, obìnrin kan tó fẹ́ ọkọ sí Ìjàrà, pariwo láàárín èrò: “Òjò wo? Iṣu tiwa náà gbẹ, a ò sì ní sólà kankan!”

Nọ́ọ̀sì gba ọ̀rọ̀ sọ: “Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni páńẹ́lì ń lò. Àwa náà ń sá láfún sóòrùn. Ṣé láfún lé òjò rí?”

“Rárá o!” ni àwọn obìnrin dáhùn.

Bàbá Salaudeen mí kanlẹ̀. “Iṣu mi kú. Ẹni tí mo máa bínú sí ni mò ń wá.”

Àwọn géńdé náà dá páńẹ́lì padà sórí òrùlé. Ṣùgbọ́n kí abẹ́rẹ́ tuntun tó dé, èéyi ti mú Muaz. Ọmọ náà yè é, àmọ́ ojú rẹ̀ kan fọ́.

Nígbà tí Bàbá Salaudeen wá kí wọn, ó wo ojú ọmọ náà, ó sì ṣí fìlà lórí. Fulera gbé àga fún un, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò rọ̀. Ó kàn ti mọ ohun tí ìbínú rẹ̀ tọ́ sí ni: irọ́ tí kò lórúkọ, tí à ń fi ránṣẹ́ láìbéèrè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọ̀rọ̀ bá dé orí fóònù yín, ẹ wádìí rẹ̀ kó tó kọjá lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì bú ẹni tó gbà á gbọ́. Ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Irọ́ ò lẹ́sẹ̀, àwa la ń gbé e rìn.