Nọ́ọ̀tì Kẹrin

Ìròyìn náà fi odidi ọjọ́ kan pẹ́. Ká ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ló dé etí àwọn ọlọ́pàá ni, Wendell Pruitt ì bá wà láàyè. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló dé, dókítà sì ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀mí ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lára ọkùnrin náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Nadine Stroud, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kan ṣoṣo tí ìlú Caliche Wells ní, dúró sí bèbè odò gbígbẹ níbi tí wọ́n ti gbé òkú náà. Oṣù Kẹjọ ni, ojú ọ̀run Texas sì ṣá bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ ní àfọ̀jù, ilẹ̀ là bí gìgísẹ̀ arúgbó. Wendell, tó ń fi wáyà ṣe ọgbà fún àwọn onímàlúù, ti fẹ̀yìn ṣubú láti òkè, ó sì fi orí sọ òkúta. Ẹnì kan ti fi fìlà koríko bò ó lójú, ó sì gbé ike omi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mo ti mú ẹni tó ṣe é," ni Boyd, ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá, wí. "Tomás Urrutia, ará Mẹ́síkò tó ń da màlúù lódìkejì odò. Ọjọ́rú ló rí i, Ọjọ́bọ̀ ló tó wí. Kí lẹni tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ ń dúró dè?"

"Ọ̀gá, ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́ lẹ ń ṣe yẹn. Ẹ ò tíì wo ọkọ̀ olóògbé pàápàá."

"Wò ó títí ojú á fi pọ́n ẹ. Lọ́jọ́ Ajé, mò ń gbé e lọ ilé ẹjọ́. Apànìyàn ni màá pè é."

Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù Wendell dúró lókè bèbè, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lára rẹ̀. Àpótí irinṣẹ́ tuntun kan dábùú ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń dán bí ikùn ẹja. Nadine ti mọ ọwọ́ tó gbé e síbẹ̀ kó tó sún mọ́ ọn. Royce Tackett, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, ló ń bá gbogbo agbègbè yẹn de àpótí mọ́ ọkọ̀. Royce kì í lu ihò sára ọkọ̀ ẹnikẹ́ni, torí ihò ni ìdógùn-ún ń gbà wọlé. Rọ́bà táyà àtijọ́ ló ń gé tẹ́ sábẹ́ àpótí, á fi ìkọ́ irin mẹ́rin gbá a mọ́ etí ọkọ̀, á wá fi ọ̀dà pupa fa ìlà láti orí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan kọjá sára ìkọ́. Tí nọ́ọ̀tì bá yí, ìlà á já, ojú á rí i. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún máìlì ojú ọ̀nà olókùúta, ẹni tó ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ padà wá, Royce á fi sípánà tún nọ́ọ̀tì dè, á sì fa ìlà funfun. Kò sẹ́lòmíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀tì mẹ́ta ní ìlà pupa tó ti já, pẹ̀lú ìlà funfun tó gún régé. Ẹ̀kẹrin, pupa tó já nìkan ló ní. Nadine fi ìka méjì yí i. Ó yí.

Nadine ṣí àpótí. Ó jìn ju èyí tí aṣọgbà ń lò lọ; ẹni tó ń kó òpó àti wáyà kì í ra àpótí tó máa gba àyè ẹrù, pẹlẹbẹ ló ń rà. Ẹni tó bá ra irú èyí, ẹrù ilé rẹ̀ ló fẹ́ kó lọ. Lábẹ́ òòlù àti ẹ̀mú, ó rí bàtà ọmọdébìnrin, onírun nínú, irú èyí tí wọ́n fi ń rìn nínú yìnyín. Ọmọ tó bá wọ̀ ọ́ ní Caliche Wells, ẹsẹ̀ rẹ̀ á jinná.

Ó kọ́kọ́ lọ bá Tomás ní àtìmọ́lé.

"Kọ́kọ́rọ́ wà lára ọkọ̀. Kí ló dé tó ò fi gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà?"

"Ìyáàfin, ẹ wò mí dáadáa. Èmi, tí mi ò ní ìwé ìgbélùú, nínú ọkọ̀ aláwọ̀ funfun, kí aláwọ̀ funfun tí ẹ̀jẹ̀ bò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi? Ìbọn lẹ máa kọ́kọ́ fi kí mi. Ẹni a fẹ́ sun jẹ kì í fepo para jókòó sídìí iná."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo fún un lómi. Mo fi fìlà mi bò ó lójú. Fóònù ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ni mo bá fẹsẹ̀ rin máìlì méjìdínlógún lọ bá Fádà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó lè pè yín. Oòrùn dá mi dùbúlẹ̀ lọ́nà."

"Ó sọ̀rọ̀?"

"Ó di ìka mi mú. Kò fẹ́ kí n lọ." Ó nu ojú. "Eruku ọkọ̀ kan ni mo rí kí n tó débẹ̀, ó ń lọ sọ́nà ìlú. Tẹ́ ẹ bá dá mi sílẹ̀ ńkọ́?"

"Àwọn aṣọ́bodè á gbé ọ padà sí Mẹ́síkò."

"Ẹ ṣé tẹ́ ẹ ò purọ́ fún mi."

Láti ibẹ̀, ó lọ sí ilé oúnjẹ tí Wendell ti máa ń jẹun, níbi tí Kaylene, ìyá Josie kékeré, ti ń fọ abọ́. Opó Travis ni, Travis tó jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo tí Royce bí, tí ẹ̀rọ ìwapo pa lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Nadine gbé bàtà náà sórí tábìlì. Kaylene wò ó, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́.

"North Dakota là ń lọ," ló wí. "Wendell ti ríṣẹ́ níbẹ̀. A fẹ́ ṣègbéyàwó. Ó ra bàtà yẹn fún Josie."

"Ta ló mọ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan. Mo ní ká sá lọ láìsọ, ó ní rárá o, Royce ni bàbá bàbá ọmọ, òun á sọ fún un lójúkojú bí ọkùnrin. Àgbà òmùgọ̀! Láàárọ̀ Ọjọ́rú, kó tó kúrò nílé, ló ní òun máa pè é kó wá bá òun níbi iṣẹ́, pé àpótí ń ró." Ó gbójú sókè. "Nadine, má sọ ohun tó o fẹ́ sọ yẹn. Jọ̀ọ́."

Nadine mú bàtà náà, ó jáde.

Royce wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń mu kọfí dúdú. Àwòrán Josie pọ̀ lára ògiri ju sípánà lọ.

"Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́! O ti gbẹ bí ẹran yíyan. Ìgbà wo lo jẹun kẹ́yìn?"

"Bàbá, ìgbà wo lẹ rí Wendell kẹ́yìn?"

"Ọjọ́ Ajé, tó wá gba àpótí. Mo ní kó mú pẹlẹbẹ, ó ní jíjìn lòun ń fẹ́. Olórí kunkun."

"Ẹ ò rí ọkọ̀ náà mọ́?"

"Kò padà wá."

"Ta ló wá fa ìlà funfun?"

Royce gbé kọfí sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Mẹ́ta ni mo bá," ni Nadine wí. "Bàbá, ẹ lè bínú sí èèyàn, àmọ́ ẹ ò lè fi àpótí rẹ̀ sílẹ̀ kó máa mì. Ó ní ó ń ró, ẹ lọ. Ẹ de èkíní, ẹ de èkejì, ẹ de ẹ̀kẹta, ẹ fọ̀dà sí wọn. Ìgbà yẹn ló sọ fún yín pé òun ń mú Josie lọ. Látìgbà tí mo ti mọ̀ yín, ẹ ò fi nọ́ọ̀tì kan sílẹ̀ rí. Ohun tó dá ọwọ́ yín dúró kó tó kan ẹ̀kẹrin, òun ló pa Wendell."

Arúgbó náà gbójú sókè wo àwọn àwòrán Josie.

"Mo tì í ni," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ọmọ yẹn ló kù fún mi, Nadine. Ojú Travis ló wà lójú ẹ̀."

"Nígbà tẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀, ṣé ó ń mí?"

Royce fi ọwọ́ nu tábìlì tí kò dọ̀tí.

"Bàbá. Ṣé ó ń mí?"

"Ó ń mí."

Afẹ́fẹ́ gbígbóná gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó mi àwọn àwòrán ara ògiri. Ọkùnrin yìí ló kọ́ Nadine bí wọ́n ṣe ń di sípánà mú. Òun ló jókòó tì í nígbà tí ìyá rẹ̀ kú.

"Ìwọ nìkan lo rí ìlà yẹn," ni Royce wí, ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Mẹ́síkò ni Tomás yẹn máa bá ara ẹ̀, o mú mi o, o ò mú mi o. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ọdún mélòó ló kù fún mi? Jẹ́ kí n lò ó pẹ̀lú Josie."

"Kaylene ti mọ̀, Bàbá. Kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí ọmọ yẹn mọ́, mo mú yín o, mi ò mú yín o."

Omi bọ́ lójú Royce fún ìgbà àkọ́kọ́. "Kí lo wá fẹ́ mú mi fún? Ta ló máa jèrè ẹ̀?"

Nadine mọ̀ pé Wendell ò ní jí. Tomás á padà sí ibi tó ti sá kúrò. Bí òun náà bá délé lónìí, kò ní sí ẹni tó máa bi í bóyá ó ti jẹun.

"Kò sẹ́ni tó máa jèrè ẹ̀," ló wí. "Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí Tomás ru ẹ̀ṣẹ̀ yín. Mo ti yàn, Bàbá: èmi ni màá mú yín lọ, èmi náà ni màá sì jẹ́rìí ta kò yín nílé ẹjọ́."