Orúkọ Tí Mọ̀dínátù Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Kọ

Lọ́dún 1977, tí owó epo ń gun àwọn ọkùnrin Ìkọ̀tún, tí wọ́n ń ra tẹlifíṣọ̀n tí wọn ò sì ríwèé rà fún ọmọbìnrin wọn, inú Mọ̀dínátù aránṣọ ń dùn ṣìnkìn. Ó ti mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ!

Tíṣà Fọlákẹ́ Ṣóbọ̀wálé, olùkọ́ ìjọba, ló kọ́ ọ. Ọdún méjìlá ló ti ń kọ́ àwọn ìyá ilé ní ìrọ̀lẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyàwó onímàle, ìyàwó ọmọ ìjọ, ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀gùn, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n ń jókòó.

"Ìyá tó mọ̀wé ò ní jẹ́ kí wọ́n yọ ọmọbìnrin òun níléèwé," ló máa ń wí. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí àwọn ọkọ nínú.

Lọ́jọ́ kan, Àmúsà ọkọ Mọ̀dínátù mú ìwé kan wálé.

"Wọ́n fẹ́ gbé Tíṣà yín kúrò. A ń bẹ ìjọba kí wọ́n fi í sílẹ̀. Tẹ̀ka síbí."

"Ìka kẹ̀? Èmi tí mo mọ̀wé? Bàbá Àdíját, ẹ mú bírò wá jàre!"

Ó kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà. Ó tún pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá kọ tiwọn. Áà, Àmúsà, Ọlọ́run ń wò ọ́!

Kò pé oṣù kan, Tíṣà wọ ṣọ́ọ̀bù Mọ̀dínátù, ìwé náà lọ́wọ́.

"Ìyá Àdíját, ọwọ́ yín rèé?"

"Ọwọ́ mi ni! Ṣé ó dáa?"

Tíṣà kà á sí i létí: "'Obìnrin yìí ń kọ́ wa láti kọ ọkọ sílẹ̀. Àwa ìyàwó fúnra wa la ní kí ìjọba mú un kúrò.'"

Mọ̀dínátù bú sẹ́kún. "Yéè! Ẹ sọ fún wọn pé n ò mọ̀!"

"Mo ti sọ fún wọn pé ẹ ò tíì lè kàwé. Wọ́n ní ká ní ẹ tẹ̀ka ni, àwọn ì bá gbà pé wọ́n tàn yín. Wọ́n ní ẹni tó kọ orúkọ mọ ohun tó ń ṣe." Ó ká ìwé náà. "Èmi ni mo sì kọ́ yín."

Wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì tí kò ti rí ọmọ kan kọ́ mọ́. Wọ́n ti kíláàsì náà pa. Nígbà tó di ìparí ọdún, Àmúsà yọ Àdíját ọmọbìnrin wọn níléèwé, ìyá rẹ̀ ò sì rí ẹni sá tọ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ o. Mímọ orúkọ kọ kọ́ ni mímọ̀wé. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ẹ ò lè kà, ìbáà ṣe ọkọ yín ló mú un wá. Ẹ ní kí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò kàn kà á fún yín látòkèdélẹ̀. Bí ẹni tó mú un wá bá ní òun ń kánjú, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ìwé òótọ́ kì í sá fún ẹni tó fẹ́ kà á.