Ìka Ọmọńdinrín Moyin

"Leah, mú bírò rẹ wá, èyí tó jọ tàdáwà àwọn alábẹ́rẹ́ yẹn."

Leah wo ìyá àgbà lójú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti dé ilé kejì, wọ́n ń fún àwọn ọmọ ìlú Efire ní abẹ́rẹ́ èéyi. Ọmọ tó bá ti gbà á, wọn á fi yíǹkì aláwọ̀ àlùkò kun ìka ọmọńdinrín rẹ̀. Kí ìyá Leah tó wọkọ̀ ojú omi lọ ra ẹja l'Ódè-Omi láàárọ̀, ó ti kìlọ̀ pé, "Bí wọ́n bá dé, kó o gbé Moyin àbúrò rẹ fún wọn o."

"Ìyá àgbà, màmi ní—"

"Ta ló bí bàbá rẹ tó ń ṣe tíṣà ní Ojowo? Ṣé màmi náà ni?" Omi ti lé sí ìyá àgbà lójú. "Láyé ọjọ́un, Japheth ọmọ mi gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Ajé, a sin ín l'Ọ́jọ́bọ̀. Ọlọ́run tó fún wa ní Moyin á ṣọ́ ọ."

Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó rí alángbá, á sá. Leah mọ ohun tó tọ́, ṣùgbọ́n ẹkún àgbà wúwo ju ọmọdé lọ. Ó fi bírò kun ìka àbúrò rẹ̀. Nígbà tí òṣìṣẹ́ náà dé, ó wo ìka, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ìlẹ̀kùn, ó kọjá.

Nígbà tí ìyá Leah dé, ó fi ẹnu ko ìka Moyin. "Leah, ọmọ tó ṣeé rán níṣẹ́! Ọlọ́run á dá ọ sí fún mi."

"Àmín," ni Leah wí. Àmín náà korò lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Leah ń fọ abọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ ní, "Mo gbé Moyin lọ kí Nimotalahi ọ̀rẹ́ mi lánàá. Èéyi ti mú Fuad ọmọ rẹ̀, ara ọmọ náà sú fọ́ọ́. Mo gbé àwọn méjèèjì lé ẹsẹ̀ kí ìyá rẹ̀ lè sinmi díẹ̀. A dúpẹ́ pé tiwa ti gba abẹ́rẹ́."

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Leah. "Màmi, kò gbà á. Bírò mi ni mo fi kùn ún."

Ìyá rẹ̀ gbọ́wọ́ sókè láti gbá a létí. Ìyá àgbà jáde láti inú yàrá.

"Èmi ni kó o gbá. Èmi ni mo rán an. Nítorí Japheth ni."

"Ìyá, ẹ ò sọ̀rọ̀ Japheth fún mi rí!"

"Ta ló bi mí rí?"

Ọwọ́ náà rọ̀ wálẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé Moyin, ó di ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò pariwo mọ́ wọn. Ó bi ìyá àgbà pé, "Ìyá, ṣé ara Japheth le kó tó gbabẹ́rẹ́?"

Ìyá àgbà dáhùn pé, "Ó ti ń gbóná. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e lọ."

"Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àìsàn tó gbé e wá ló mú un lọ. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò lè búra. Ní ti Moyin, kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta tó fara kan aláìsàn. Abẹ́rẹ́ yìí ṣì lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ máa gbàdúrà, kí a máa ṣètọ́jú; ọwọ́ ọ̀tún ló ń wẹ òsì."

Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ lé ẹsẹ̀. "Àkànmú," ó ń kì í, "ẹja kì í gbé inú ibú kí òtútù pa á. Àkànmú, o ò ní kú mọ́ mi lójú." Nígbà tí nọ́ọ̀sì mú yíǹkì, ó ní, "Kùn ún kó hàn dáadáa, ọmọ mi. Tòótọ́ nìyí."

Àràárọ̀ ni Leah ń yẹ ara Moyin wò kó tó lọ sílé ìwé. Lọ́jọ́ kẹjọ, ara ọmọ náà gbóná. Leah jókòó tì í. Lọ́jọ́ kẹwàá, ibà lọ, ara ò sì sú. Fuad náà ti ń rìn kiri, Nimotalahi ń wí pé, "Alhamdulillahi."

Ọjọ́ yẹn ni Leah ju bírò náà nù. Òṣìṣẹ́ tó ń kọjá lọ kọ́ ni irọ́ rẹ̀ ṣe ní ibi. Ìyá tó fọkàn tán an ni, òun ló gbé ọmọ rẹ̀ wọ ilé aláìsàn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ọ̀wọ̀ àgbà dára, ẹ̀yin ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀wọ̀ bi àgbà léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ẹ má ṣe bá a fi irọ́ bò ó mọ́lẹ̀.