Aṣọ Tó Ń Bá Wọn Mu Ṣáá

"Yára, màmá ẹ máa tó dé o!"

Ẹlẹ́rìn-ín ló ń sọ̀rọ̀. Ó yọ orí jáde láàárín kọ́tìnnì tí àwọn oníbàárà ti ń pààrọ̀ aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, ó fi aṣọ kan wé ìdí, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ìṣe rẹ̀. Ẹ̀rín yìí ló sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn olùkọ́ pàápàá kì í pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́.

Ọmọ aránṣọ kò gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ. Síkẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. "Bí mo bá sáré, á wọ́," ló wí. "Bó bá sì wọ́, màmá mi á rí i láti òdìkejì títì. O ò mọ obìnrin yẹn ni? Tó bá ti wo èèyàn lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti mọ bí ìbàdí ẹ̀ ṣe fẹ̀ tó."

"Kó máa wo ìbàdí àwọn tó ní in. Tèmi ti ń tán lọ." Ẹlẹ́rìn-ín gba síkẹ́ẹ̀tì náà, ó wọ̀ ọ́, ó fa síìpù sókè, ó sì yí po níwájú dígí. Ó bá a mu rẹ́gí, bó ṣe bá a mu lọ́jọ́ tí wọ́n rà á fún un. "Ọlọ́wọ́ idán! Ta ló máa mọ̀ pé mo ti rù báyìí?"

Ohun tí wọ́n sì fẹ́ gan-an nìyẹn. Wọn ò fẹ́ kí àgbàlagbà kankan mọ̀ títí di ọjọ́ ayẹyẹ ìparí ẹ̀kọ́, nígbà tí wọ́n bá máa wọ kaba tuntun, tí gbogbo ẹnu á sì yà sílẹ̀. Bí síkẹ́ẹ̀tì bá ń jábọ́ lára ọmọ, òbí á bi í léèrè. Bí síkẹ́ẹ̀tì bá bá a mu, òbí á sùn. Nítorí náà, bí ara wọn ṣe ń dín kù ni ọmọ aránṣọ ń dín aṣọ àwọn méjèèjì kù. Kò gé aṣọ tó ṣẹ́ kù dànù, ó kàn ń ṣẹ́ ẹ sínú. Bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Ẹ̀gàn ló dá ọ̀ràn yìí sílẹ̀. Òròbó ni wọ́n ń pe ọmọ aránṣọ ní kíláàsì. Lọ́jọ́ kan tó ń gun àtẹ̀gùn, ọmọkùnrin kan di ọ̀pá àtẹ̀gùn mú, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ilẹ̀ ń mì mọ́ lẹ́sẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sá o! Òròbó ń bọ̀ o!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín náà rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀ pé ẹnu òun ti là. Ọmọ aránṣọ gbọ́ ẹ̀rín yẹn láàárín gbogbo ẹ̀rín yòókù, ó sì bú sẹ́kún lórí àtẹ̀gùn náà.

Ìtìjú mú Ẹlẹ́rìn-ín. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wá bá ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Má bínú. A jọ máa rù ni. Ohunkóhun tí o bá ṣe, èmi náà máa ṣe é." Òun kò sanra rárá. Ó kàn kún lẹ́rẹ̀kẹ́ ni, bí ọmọ tára ẹ̀ dá ṣe ń kún. Nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ló ṣe kó sí i.

Obìnrin kan wà tí wọ́n máa ń wò nínú fóònù, ikùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pátákó. Ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin bí wọ́n ṣe lè di tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀: omi ọsàn láàárọ̀, ápù kan lọ́sàn-án, tíì tó ń fọ inú nírọ̀lẹ́, ó parí. "Ebi tó ń pa yín yẹn," ni obìnrin náà máa ń wí tẹ̀ríntẹ̀rín, "ọ̀rá ló ń sunkún pé òun ń lọ." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ àwọn méjèèjì. Bí inú ẹnì kan bá kùn ní kíláàsì, èkejì á sọ pé, "Pẹ̀lẹ́ o, ọ̀rá, ó dàbọ̀!" wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Nígbà tó yá, ebi dákẹ́. Ohun mìíràn wá jókòó sí àyè rẹ̀.

Ọmọ aránṣọ kò mọ ohun tí ì bá pè é. Ohùn kan ni. Ohùn ara rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń sọ̀rọ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, ohùn náà á ti ṣáájú rẹ̀ jókòó. *Má jẹ ẹ́. Ṣé o fẹ́ kí ilẹ̀ tún mì?* Ó ń bá a lọ sílé ìwẹ̀. Ó ń bá a ka ìwé. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ère aláìlórí kan wà tí ìyá rẹ̀ máa ń wọ aṣọ fún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó dá wà, ó ká ara rẹ̀ mọ́ ibi tó ti ń wo ère náà, tó sì ń jowú rẹ̀. Kò ní ikùn. Kò lẹ́nu tí yóò fi jẹun. Gbogbo aṣọ ló bá a mu. *Wò ó,* ni ohùn náà wí, *òun kì í dààmú ẹnikẹ́ni.* Àyà rẹ̀ já, ó sáré bọ́ síta sínú oòrùn, ṣùgbọ́n òtútù ló mú un níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kì í ti í bọ́ súwẹ́tà.

"Jẹun, ìyá mi," ni ìyá rẹ̀ máa ń wí.

"Mo ti jẹun nílé-ìwé, Màmá."

"Ilé-ìwé wo ló ń bọ́ ọmọ yó lójoojúmọ́ báyìí? Ojú ẹ sì ti ń gùn." Aránṣọ á wo ojú ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ sí ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì, bí ojú aránṣọ ṣe máa ń ṣe. Síkẹ́ẹ̀tì bá a mu. Kò sì sí bí ọmọ ṣe lè rù tí aṣọ rẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n. "Ó ní láti jẹ́ pé ò ń ga ni," ló máa ń sọ, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀.

Irun bẹ̀rẹ̀ sí í já kún inú òòyà ọmọ aránṣọ. Nǹkan oṣù rẹ̀ kò wá mọ́. Nígbà tó sọ ọ́ fún Ẹlẹ́rìn-ín, ìyẹn ju èjìká sókè.

"Tèmi náà kò wá. Ṣebí wàhálà ló dín kù fún wa." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé òpin. Èémí rẹ̀ ló tán lójú ọ̀nà. Ó fi ọwọ́ di àyà rẹ̀ mú, ó sì dúró jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́tí sí nǹkan kan nínú ara rẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan. Ọkàn mi ló kàn máa ń sáré nígbà míì."

"Jọ̀ọ́, jẹ́ ká jẹun lónìí. Ẹyin kan ṣoṣo péré."

"Lẹ́yìn tá a ti rìn dé ibí? Ìwọ lo kọ́kọ́ sunkún lórí àtẹ̀gùn o, kì í ṣe èmi." Ojú Ẹlẹ́rìn-ín le. "Búra pé o ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Tó o bá sọ, mi ò mọ̀ ẹ́ rí."

Ọmọ aránṣọ búra.

Nígbà eré ìdárayá ló ṣẹlẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín wà níwájú, ó ń sáré. Ó wẹ̀yìn láti fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ẹnu rẹ̀ ti là, ṣùgbọ́n kò sí ohùn tó jáde. Kò na ọwọ́ láti fi gbá ara rẹ̀ mú. Bí aṣọ ṣe ń já bọ́ lórí ìkọ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ sílẹ̀.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, gbogbo ògiri funfun, òórùn oògùn sì gba ibẹ̀ kan. Nọ́ọ̀sì ti bọ́ yunifọ́ọ̀mù Ẹlẹ́rìn-ín, ó kó o lé aránṣọ lọ́wọ́, nítorí òun àti ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín sáré wọlé lẹ́yìn náà. Awakọ̀ akẹ́rù ni, ojú ọ̀nà ló máa ń wà, láti ìgbà tí ìyá ọmọ sì ti kú, òun àti Ẹlẹ́rìn-ín nìkan ló kù. Ó gbé abọ́ oúnjẹ ńlá kan lọ́wọ́ tó rà lójú ọ̀nà.

"Ṣé ó máa ń jẹun dáadáa?" ni dókítà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ń jẹun o, Dókítà! Kò sí ohun tí mi ò rà sílé."

"Ó gbẹ púpọ̀ jù, ọkàn rẹ̀ ò sì lù bó ṣe yẹ. Ṣé bó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ nìyí?"

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Yunifọ́ọ̀mù tí mo rà fún un nígbà tí wọ́n wọlé ló ṣì ń wọ̀, ó sì bá a mu. Ẹ bi ìyá yìí, aránṣọ ni." Aránṣọ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Ẹ jẹ́ kí n tiẹ̀ fún un lóúnjẹ, Dókítà, ara ẹ̀ á yá."

Dókítà wojú gbogbo wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni bá mọ ohun tó ṣe ọmọ yìí, kó sọ. Bí mo bá ṣìnà, oògùn tí mo bá fún un lè pa á."

*Má sọ,* ni ohùn náà wí létí ọmọ aránṣọ. *O ti búra. Wọ́n á ní ìwọ lo pa á.* Ohùn náà dùn, ó rọra, bíi ti ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ aránṣọ rí bàbá náà tó ń ṣí ìdérí abọ́ oúnjẹ.

"Kì í jẹun!" ló pariwo. "Àwa méjèèjì ni. Ápù kan ni à ń jẹ lójúmọ́. À ń mu tíì tó ń fọ inú. Ó ti pẹ́."

"Irọ́ ni!" ni awakọ̀ wí. "Kí ọmọ mi má jẹun, kí aṣọ ẹ̀ máa bá a mu?"

Ọmọ aránṣọ já síkẹ́ẹ̀tì náà gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì yí inú rẹ̀ síta. Ojú ìrán wà lórí ojú ìrán, ìlà òwú kan lẹ́yìn èkejì, gbogbo wọn ń wọlé lọ sí àárín. Aṣọ tó ṣẹ́ sínú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tó kù sí ìta.

Aránṣọ kò wo dókítà, kò wo awakọ̀. Ó fi àtàńpàkò tọ àwọn ìlà náà lọ. Wọ́n gún, wọ́n dọ́gba, wọn kò wọ́ níbì kankan. Lẹ́yìn náà ló gbé súwẹ́tà ọmọ tirẹ̀ sókè, ó sì yí ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ síta díẹ̀. Ìlà kan náà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà.

"Ìwọ ni mò ń wò láti ọjọ́ yìí," ló wí, "aṣọ ni mò ń rí."

Dókítà ti gba abọ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Nígbà tó yá ló ṣàlàyé fún wọn. Tíì yẹn ti fọ iyọ̀ tí ọkàn fi ń ṣiṣẹ́ kúrò lára ọmọ náà. Ara tí ebi ti gbẹ bẹ́ẹ̀ kò lè gba oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ká ní wọ́n ti fún un ní abọ́ yẹn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkàn rẹ̀ ì bá ti dákẹ́.

Ẹlẹ́rìn-ín kò kú. Ṣíbí kékeré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ń ṣọ́ ọ. Ó lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, dókítà sọ pé kò gbọdọ̀ sáré títí òun á fi yẹ ọkàn rẹ̀ wò dáadáa. Ọjọ́ ayẹyẹ kọjá, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lọ.

Ọmọ aránṣọ náà gba ìtọ́jú. Nọ́ọ̀sì kan tó mọ̀ nípa oúnjẹ kọ́ ọ láti máa jẹun láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́: ẹ̀fọ́ àti èso kó pọ̀, ẹ̀wà tàbí ẹyin tàbí ẹja kó wà níbẹ̀, ìrẹsì tàbí iṣu níwọ̀nba, kí nǹkan dídùn àti ọ̀rá má pọ̀. "Kó o sì máa rìn," ni nọ́ọ̀sì wí. "Máa jó, máa ṣeré. Ara tó jẹun ló lágbára láti ṣeré." Ìbàdí rẹ̀ ṣì fẹ̀ bíi ti ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń gun àtẹ̀gùn láìmí hẹlẹ, òtútù sì ti fi í sílẹ̀. Bí ọmọkùnrin yẹn bá tún pè é ní Òròbó, á ní, "Òun nìyí, kí lo fẹ́?"

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òun àti Ẹlẹ́rìn-ín jókòó ti oúnjẹ nílé awakọ̀. Ẹlẹ́rìn-ín mú ṣíbí dání, kò gbé e sẹ́nu.

"Mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan kan," ló wí, ohùn rẹ̀ kéré. "Kó o má pè mí ní wèrè. Ǹjẹ́ ẹnì kan máa ń bá ẹ sọ̀rọ̀, tó bá di àsìkò oúnjẹ?"

Irun ara ọmọ aránṣọ dìde. Ó ti rò pé òun nìkan ni. "Ìwọ náà?"

"Látìgbà yẹn. Ó wà níbí báyìí. Kò lọ."

"Tèmi náà kò tíì lọ tán."

Kò sí èyí tó rẹ́rìn-ín. Ká ní wọ́n ti sọ ọ́ fún ara wọn nígbà tó kọ́kọ́ dé, tàbí kí wọ́n sọ fún àgbàlagbà kan ṣoṣo, bóyá ohùn náà kì bá tí ráyè jókòó tó bẹ́ẹ̀.

"Kí lo máa ń sọ fún un?" ni Ẹlẹ́rìn-ín béèrè.

"Mi kì í dá a lóhùn. Màmá mi ni mo máa ń pè. Mo máa ń sọ pé, 'Màmá, ó tún ti dé,' á sì wá bá mi jókòó títí n óò fi jẹun tán." Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Jẹun. Mo wà níbí."

Ẹ̀yin ọmọ, kò burú kí ẹni tí ara rẹ̀ wúwo jù fẹ́ kó fúyẹ́. Oúnjẹ tó pé, ìrìn àti eré lójoojúmọ́, sùúrù, àti àgbàlagbà kan tó mọ ohun tí ẹ ń ṣe: ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn, ó sì ń pẹ́ díẹ̀ kí èèyàn tó débẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ fi ebi ra ẹwà, ẹ̀mí yín ló ń ná.