Ìwé Tí Wọ́n Ní Kí N Rà

Ìlẹ̀kùn ló wà láàárín wọn lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ṣọ́ọ̀bù ìwé mi, kọ́kọ́rọ́ ti kán sínú ihò, èmi sì wà níta pẹ̀lú ọkùnrin tí mo ránṣẹ́ sí pé kó wá ṣí i. Ó kúnlẹ̀ síwájú ihò kọ́kọ́rọ́, ó kó irin wẹ́wẹ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Ẹ̀rù ò bà yín níbẹ̀ yẹn, àbí?" Ọmọ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ni ọkùnrin náà ń bi.

"Ẹ̀rù kí ni? Mò ń kàwé."

"Ẹ kà á sókè kí èmi náà gbọ́. Iṣẹ́ yìí máa pẹ́ díẹ̀."

Ó kà á. Ìtàn ewúrẹ́ kan tó jẹ ìwé ìdánwò gbogbo kíláàsì ni, ìwé àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà. Nígbà tí ìlẹ̀kùn ṣí, ọkùnrin náà ò dìde. Ó ní kó kà á parí. Ó sì kà á parí, èmi tí mo ni ṣọ́ọ̀bù dúró sínú oòrùn. Lẹ́yìn náà ló ra ìwé ewúrẹ́ yẹn, ó sì lọ.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́, nítorí èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́. Pẹpẹ mẹ́fà ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ọjọ́ orí ni mo fi tò wọ́n. Ìkíní wà fún ọmọ tí kò tíì mọ lẹ́tà: àwòrán erin, àwòrán bàtà, ìwé tí ọmọ lè gé jẹ tí kò ní ya. Ìkejì wà fún àwọn tó ń fi ìka kàwé. Ìkẹta, àwọn ọmọ iléèwé: ìrìn àjò àti ẹ̀fẹ̀. Ìkẹrin, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n rò pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ìkarùn-ún, àgbàlagbà: ìfẹ́, ogun, iṣẹ́ ọgbà, ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìkẹfà, lẹ́tà gàdàgbà fún àwọn tí ojú ti ń dùn. Tí o bá rajà lọ́dọ̀ mi lẹ́ẹ̀mẹta, mo ti mọ iye ẹni tó wà nílé rẹ àti ọjọ́ orí wọn. Mi ò ṣì í rí. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn nìyẹn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá mi tà á. Ọ̀mọ̀wé ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí láti kékeré ló ti ń gbé ìwé wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ́dún yẹn, ìyá rẹ̀ sì ń rán an létí lójoojúmọ́ lórí fóònù, bí ẹni pé ọmọ náà ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí òun.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Oníkọ́kọ́rọ́ padà wá.

"Wọ́n fẹ́ràn ewúrẹ́ yẹn," ó ní. "Wọ́n ní kí n ra òmíràn. Àmọ́ kó má le jù. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ lẹ́tà ni."

Ọ̀mọ̀wé mú ọ̀kan lórí pẹpẹ kìíní, ó mú ọ̀kan lórí ìkejì. Mo wò ó láti ìdí tábìlì mi. Ọmọ méjì, mo sọ lọ́kàn mi. Ọ̀kan ọdún mẹ́ta, ọ̀kan ọdún mẹ́fà.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń wá. Á dúró ti Ọ̀mọ̀wé, á máa jíṣẹ́: wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní ọmọ inú ìwé yẹn ò gbọ́n, wọ́n sùn pẹ̀lú ìwé láyà. Nígbà tó di oṣù kẹrin, pẹpẹ kẹta ló ti ń rà. Mo fi ọmọ kan kún un. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ó dé pẹpẹ àwọn ọ̀dọ́. Mo tún fi ọ̀kan kún un. Ọkùnrin yìí mà bímọ o, mo ní.

Mi ò mọ bí ìfẹ́ ṣe ń wọlé síni lára, mo kàn mọ bó ṣe máa ń hàn lójú. Ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í lọ aṣọ ọjọ́ Jímọ̀ láti Ọjọ́rú. Ìwé tuntun tó bá dára, abẹ́ tábìlì ló ń kó o sí kí ẹlòmíràn má baà rà á. Oníkọ́kọ́rọ́ náà ń gbé ọsàn wá fún un, ó ń bó o fún un. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tó ní, "Ayọ̀ mi, o ti jẹun?" "Ẹ" ló ń pè é tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo rán Ọ̀mọ̀wé níṣẹ́, kí n lè bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀.

"Tẹ́ ẹ bá wà níbi iṣẹ́, ta ló ń tọ́jú wọn?" mo bi í.

"Obìnrin kan wà nílé, mà. Òun ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń fún wọn lóúnjẹ. Ọlọ́run ló fi í ta mí lọ́rẹ."

"Ṣé ó ń sùn níbẹ̀?"

"Ó ń sùn níbẹ̀, mà."

Kò tiẹ̀ tijú. Mi ò béèrè pé wọ́n mélòó ni. Kí ni ẹni tó ti mọ̀ tún ń béèrè?

Bí Ọ̀mọ̀wé ṣe dé, mo sọ fún un. "Ó ní obìnrin nílé. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ọmọ mẹ́rin, ó kéré tán."

Ó jókòó lórí páálí ìwé. "Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ wà," ó ní. "Mo rò pé ìyá wọn ti kú ni. Mi ò béèrè, kí n má baà gbọ́ orúkọ rẹ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yìí, Àǹtí."

"Mo mọ̀. Wàá gbàgbé."

Ohun téèyàn máa ń sọ nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, Oníkọ́kọ́rọ́ padà wọlé. "Ayọ̀ mi, wá sílé lọ́jọ́ Àìkú. Mo fẹ́ kí o mọ̀ wọ́n. Wọ́n ń béèrè rẹ."

Ọ̀mọ̀wé ń to ìwé, kò wo ojú rẹ̀. "Mi ò lè wá sílé yín. Ẹ dúró ti àwọn tẹ́ ẹ ní nílé. Ọ̀rọ̀ tiwa ti parí."

Ọkùnrin náà sún mọ́ pẹpẹ. "Nítorí wọn ni?"

"Nítorí wọn ni."

"Mi ò lè jù wọ́n nù."

"Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ jù wọ́n nù."

"Mo gbọ́," ó ní. Ó lọ láìmú ìwé kankan, kò sì wá mọ́.

Oṣù méjì kọjá. Ọ̀mọ̀wé ń tajà, ó ń kí oníbàárà, ó ń rù. Ẹ̀gbọ́n mi kò fàkókò ṣòfò. Ó wá ọkọ fún un, dókítà eyín kan, ọmọlúàbí, àfi pé kò lè bá èèyàn sọ̀rọ̀ kó má wo eyín onítọ̀hún. Àwọn ará ilé dókítà fẹ́ wá gbọ́ èsì lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀mọ̀wé ní kí wọ́n máa bọ̀. Ohùn tó fi sọ ọ́ ni èèyàn fi ń sọ pé òun ti ti fèrèsé.

Ní Ọjọ́bọ̀, bàbá àgbàlagbà kan wọlé pẹ̀lú ọ̀pá, obìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì sì dì í lápá mú. Apá òsì bàbá náà kò gbé sókè, ọ̀rọ̀ sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan. Ìwé kan láti orí pẹpẹ kẹrin mi ló wà lábíyá rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ti àwọn ọmọ-ọmọ ni?"

"Tèmi ni," ó ní. "Mo ti kà á tán."

Ó yíjú sí àwọn pẹpẹ, ó fi ọ̀pá tọ́ka sí ìkíní. "Níbí ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Erin. Bàtà." Ó sinmi díẹ̀. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń yẹ ìwé wò nílé ìtẹ̀wé, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Àìsàn dé. Mo jí, mi ò mọ A mọ́. Dókítà ní kí n bẹ̀rẹ̀ bí ọmọdé. Ọmọ mi ló ń ra ìwé wá."

"Ọmọ yín wo, sà?" Inú mi ti mọ̀ kí n tó béèrè.

"Oníkọ́kọ́rọ́."

Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì. Wọ́n. Èmi tí mo máa ń bá ọmọ ọlọ́mọ wí pé kó má pe àgbà ní "ó". Ọkùnrin kan bọ̀wọ̀ fún bàbá rẹ̀, mo fi ọ̀wọ̀ náà bí ọmọ mẹ́rin fún un, mo tún fẹ́yàwó lé e. Ẹ má bínú pé "ó" ni mò ń pe Bàbá àti ẹ̀gbọ́n mi nínú ìtàn yìí. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀yin náà kà wọ́n sí mẹ́rin.

Bàbá ṣì ń sọ̀rọ̀. "Ó ní ọmọbìnrin ibí ò fẹ́ ẹ mọ́, nítorí mi. Mo wá bẹ̀ ẹ́. Mo ní àbúrò obìnrin kan. Mo lè lọ máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀." Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ tán.

Ọ̀mọ̀wé wà lórí àkàbà lẹ́yìn pẹpẹ karùn-ún. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó di ọwọ́ òsì Bàbá mú, èyí tí kò ṣiṣẹ́.

"Bàbá, ẹ mélòó lẹ wà nínú ilé?"

"Èmi àti òun. Àti nọ́ọ̀sì yìí, tó ń wẹ̀ mí."

"Mo lọ́kọ tèmi o," nọ́ọ̀sì ní. Kò sẹ́ni tó bi í.

Ọ̀mọ̀wé wò mí. "Àǹtí, ẹ pe màámi. Ẹ ní kí àwọn ará ilé dókítà má wulẹ̀ wá." Kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ mìíràn títí a fi ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí.

Ibi iṣẹ́ Oníkọ́kọ́rọ́ ò jìnnà, gbogbo wa ló lọ síbẹ̀. Ó ń gé kọ́kọ́rọ́, ẹ̀rọ ń pariwo. Ó rí bàbá rẹ̀, ó pa ẹ̀rọ.

"Bàbá, kí ló dé?"

"Èmi ló dé," mo ní. "Ẹ ní 'wọ́n', ọmọ ni mo gbọ́. Ẹ ní obìnrin kan wà nílé, ìyàwó ni mo gbọ́. Èmi ni mo sọ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyà mi jẹ ẹ́."

Ọ̀mọ̀wé ló kọjú sí. "Mélòó lo rò pé mo bí?"

"Àǹtí mi ní mẹ́rin ni."

"O sì ń yan ìwé fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

"Mo ti fẹ́ràn wọn."

Ó nu eruku irin lọ́wọ́, ó tún un nù, ọwọ́ náà ti mọ́ tipẹ́. "Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n," ó ní. "Wọ́n le, wọ́n sì máa ń ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ mọ́ èèyàn lẹ́nu. Ṣé wàá lè bá wa gbé?"

"Mo gbà, ọ̀wọ́n mi. Èmi ni kẹ́ ẹ dárí jì."

Ẹ̀gbọ́n mi bá mi bínú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ta ló ń fi dókítà sílẹ̀ nítorí oníkọ́kọ́rọ́? Mo ní kó wá wo ọkùnrin náà nígbà tó bá ń fún bàbá rẹ̀ lóúnjẹ. Ó wá, ó jókòó, ó wò ó. Nígbà tó ń lọ, ó ní ṣé ọmọkùnrin náà ti ní kóòtù tó máa wọ̀ síbi ìgbéyàwó.

Ọ́fíìsì ìjọba ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀, lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Akọ̀wé gbé ìwé síwájú Bàbá, ó fi bíírò tọ́ka ibi tí ẹlẹ́rìí máa fọwọ́ sí. Bàbá ní òun kì í fọwọ́ sí ohun tí òun ò kà. Akọ̀wé wo aago, àwọn tọkọtaya mẹ́ta mìíràn ń dúró níta. Bàbá fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, ọjọ́, oṣù, nọ́ńbà òfin. Ọ̀rọ̀ gígùn kan dá a dúró. Ọmọ rẹ̀ la ẹnu, ṣùgbọ́n kò bá a sọ ọ́. Bàbá já a sí wẹ́wẹ́, ó gbé e kọjá. Ó ka orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó dé orúkọ Ọ̀mọ̀wé, orúkọ rẹ̀ gan-an tí a kì í pè nílé, ó kà á. Ó gbé ìka padà sẹ́yìn, ó tún un kà.

"Ẹ̀ẹ̀kan ti tó, bàbá," akọ̀wé ní.

"Mo mọ̀," Bàbá dáhùn.